Bí Òòfà Ṣe Da Aago Mi Lórí Rú

Ẹ̀yin tí òjò dá dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ẹ fún ara yín láyè. Ẹni tó rí àga kó jókòó, ẹni tí kò rí kó fìdí lé ẹní. Òjò yìí kò tíì ṣetán, èmi náà kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Mo rí Rájí alágbẹ̀dẹ níbẹ̀ yẹn tó ń wò mí, tó ń rẹ́rìn-ín sínú. Òun ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ní nígbà tí mo wá pọ́n àdá ní àgbẹ̀dẹ òun lánàá, kí ni mo rí tí mo fi bọ́ aago ọwọ́ mi, tí mo fi kọ́ ọ sórí ẹ̀ka igi níta kí n tó wọlé? Ó ní àbí mo rò pé òun á jí i ni.

Rájí, ìwọ kọ́ ni mo sá fún. Òòfà tí o yọ nínú rédíò àlòkù, èyí tí o fi ń ṣa ìṣó nílẹ̀, òun ni mo sá fún. Ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ òòfà, bí mo bá rò ó tán, ẹ̀rín yẹn á gbẹ lẹ́nu rẹ.

Èmi ni Ọdẹ́rìndé ọmọ Ọdẹ́yalé, ará Òkè-Àgbàrá. Nígbà tí ara mi le, bí mo bá húkọ́ nínú igbó, ẹfọ̀n á bẹ̀rẹ̀ sí í dágbére fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ta ló ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn? Ọbẹ̀ kì í mì nínú ikùn àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú tèmi ti pẹ́ níbẹ̀ jù, ó fẹ́ jáde.

Àyọ̀ká ìyàwó mi, tí ẹ ń gbọ́ ohùn abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ilé ìdáná yẹn, òun ni ọ̀rọ̀ náà bá. Láyé ìgbà náà, ọ̀sán gangan ni Àyọ̀ká máa ń gúnyán rẹ̀ tán. Kì í wo òrùn. Bí ojú ọjọ́ ṣú, bí òjò ń rọ̀, ara rẹ̀ ló máa ń sọ fún un pé ọ̀sán ti pé. Bó bá sì gún un tán, kì í kàn gbé ọmọ odó sílẹ̀ bíi ti àwọn obìnrin yòókù. Á fi kan etí odó: kó, kó, kó. Ibi yòówù kí n wà ní oko etílé, mo ń gbọ́ ọ, mo sì ń bọ̀ wálé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé odó ló fẹ́ mi, kì í ṣe obìnrin.

Ó wá di ọjọ́ kan, Àyọ̀ká lọ ṣẹ́gi ní etí Igbó Ta-ló-mọ̀. Ó rí ẹ̀ka gbígbẹ kan, ó ṣẹ́ ẹ. Kò mọ̀ pé òpó ilé Ọba Alákòókò ni, ọba ẹbọra tó ń pín ọjọ́ sí àárọ̀, ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ̀ka náà ṣe dá, òrùn inú igbó náà wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bíi fìlà orí ọ̀mùtí, ó sì dúró síbẹ̀, kò lọ, kò bọ̀. Àwọn ẹbọra ọba náà gbé Àyọ̀ká lọ. Igi tó ti ṣẹ́ nìkan ni mo bá nílẹ̀.

Mo gbé ìbọn ṣakabùlà mi, mo fi àdá sínú akọ̀, mo wọ Igbó Ta-ló-mọ̀. Bí mo ṣe bá ẹbọra olórí mẹ́ta jà lójú ọ̀nà, n kò ní sọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kó lọ béèrè lọ́wọ́ orí kan tó ṣẹ́kù. Mo sáà dé iwájú Ọba Alákòókò. Ojú rẹ̀ rí róbótó, kò ní imú, irùngbọ̀n rẹ̀ pín sí méjì, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú, méjèèjì sì ń yí lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Kábíyèsí, ẹ fún mi ní ìyàwó mi. Kò mọ̀ ni."

Ó ní, "Àìmọ̀ kò tún òrùlé ṣe. Irin ni òrùlé mi, ìyàwó rẹ sì ti ṣẹ́ òpó rẹ̀. Òkúta òòfà kan wà ní Òkè Òòfà tó lè dì í mú. Lọ mú un wá."

Ó wá bọ́ aago yìí lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. Kò gba bátìrì o. Etí rẹ̀, kókó kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni a máa ń lọ́. Bí a bá ti lọ́ ọ láàárọ̀, á máa dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́. Ọba ní, "Lọ́jọ́ ọjà wa, nígbà tí ọwọ́ méjèèjì aago yìí bá dìde ṣánṣán lọ́sàn-án, kan ìlẹ̀kùn mi. Bí o bá tètè kàn án, kò ní ṣí láéláé. Bí o bá pẹ́, ìyàwó rẹ á ti gbàgbé orúkọ rẹ, á sì di ara ilé mi."

Mo ní, "Kábíyèsí, ṣé n kò lè wo òrùn ni?"

Ó ní, "Òrùn wo? Ṣé èyí tí ìyàwó rẹ bà jẹ́?"

Mo rí Àyọ̀ká lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ti gbé odó fún un. Ó wò mí. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ yìnbọn lu ọba náà, ṣùgbọ́n mo rántí pé ibi tí a bá ti fẹ́ gba nǹkan, a kì í ti ibẹ̀ dá ìjà sílẹ̀. Mo jáde.

Mo dé Òkè Òòfà. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ ti rí agbára, ẹ kò tíì rí nǹkan. Mi ò tíì gun òkè náà dé ìdajì tí àdá mi fi já jáde nínú akọ̀, tó fò lọ. Ìbọn mi náà dìde, ó ń wọ́ mi lọ bí wọ́n ṣe ń wọ́ àgbò lọ síbi ọdún. Mo di igi mú, igi fà tu. Bí mo ṣe dé òkè nìyẹn, pẹ̀lú gbòǹgbò igi lọ́wọ́. Iwin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ń jẹ́ Fàmọ́ra. Abẹ́rẹ́ ni irùngbọ̀n rẹ̀, ọkọ́, ìṣó àti àgádágodo ló bò ó lára. Àdá mi ti lẹ̀ mọ́ ọn láyà.

Fàmọ́ra ní, "Àlọ́ o!"

Mo ní, "Àlọ̀ ọ̀."

Ó ní, "Kí ló ń rìn tọ̀sán-tòru tí kò jáde nínú yàrá?"

Mo ní, "Ọwọ́ aago ni."

Ó ní, "Kí ló dì mọ́ ènìyàn tí kò ní ọwọ́, tó ń fa ènìyàn tí kò ní okùn?"

Ọkàn mi kò sí níbẹ̀, ọ̀dọ̀ Àyọ̀ká ló wà. Ohun tó wà lọ́kàn mi ló bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Obìnrin tó ń dúró deni nílé ni."

Fàmọ́ra bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ìṣó ara rẹ̀ ń dún wàràwàrà. Ó ní, "Ara èmi òòfà ni mo fi pa àlọ́, ọdẹ. Ṣùgbọ́n èsì tìrẹ kò kúrò lọ́nà." Ó já àdá mi fún mi, ó fún mi ní ìbọn mi, ó sì gbé òkúta dúdú kan tí kò tóbi ju obì lọ lé mi lọ́wọ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe o. Ọmọ ọdẹ ni mí. Wọ́n kọ́ wa nílé wa pé gbogbo irin, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, ọmọ Ògún sì ni wọ́n. A kì í yà wọ́n sọ́tọ̀. Ibi tí ìbọn bá wà ni àdá ń wà, ibi tí àdá bá wà ni ọ̀bẹ ń wà. Bí mo ṣe rí i pé irin ló wà nínú aago, tí òkúta náà sì ń pe irin lọ́mọ, mo ní ó tó, àwọn ẹbí ti pàdé. Mo fi aṣọ kan náà di àwọn méjèèjì pọ̀, mo sọ wọ́n sínú àpò ọdẹ mi. Mo tún súre fún wọn pé kí wọ́n máa bá ara wọn ṣeré lọ. Rájí, má wò mí bẹ́ẹ̀. Bó o bá wà níbẹ̀, ìwọ náà á ṣe é.

Ìlú tí mo kọ́kọ́ wọ̀ lẹ́yìn náà ni Ìlú Ìkíni. Níbẹ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kí kò gbọdọ̀ mu omi wọn. Òrùn kò kúkú kúrò lójú kan, nítorí náà àkùkọ ni wọ́n fi ń mọ ìgbà. Mo yọ aago, mo wò ó, ó ní ilẹ̀ ti ṣú. Mo dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà tó wà lẹ́nu bodè, mo ní, "Ẹ káalẹ́ o."

Àwọn obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbálẹ̀, àwọn ọkùnrin ṣì ń run orín lẹ́nu.

Àgbà kan yọ orín lẹ́nu, ó ní, "Àlejò, ilẹ̀ ibo ló ṣú?"

Mo fi aago hàn án. Ó wò ó, àwọn yòókù péjọ, wọ́n ń wò ó. Lójú gbogbo wa níbẹ̀ ni ọwọ́ aago náà sáré kọjá òru, tó ń lọ bí ẹni tí oyin ń lé. Mo tún ìkíni mi ṣe, mo ní, "Ẹ kú ìdájí o." Kí wọ́n tó dáhùn, aago ti dé ọ̀sán. Mo ní, "Ẹ káàsán." Wọ́n ní orí mi ti yí, wọ́n bu omi tútù dà mí lórí.

Ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ní aago Ọba Alákòókò kò lè purọ́, wọ́n lọ tẹ́ ẹní sùn. Àwọn kan ní àkùkọ àwọn kò purọ́ rí, wọ́n lọ dáná ẹ̀kọ. Ọkọ ń sọ fún ìyàwó pé ó dàárọ̀, ìyàwó ń béèrè lọ́wọ́ ọkọ pé ṣé ẹ jíire. Ìyá ọkọ ń bínú sí àwọn méjèèjì. Ìlú dàrú. Àgbà tó yọ orín lẹ́nu yẹn wá bá mi, ó ní, "Àlejò, jọ̀ọ́ máa lọ, kí o tó kí wa ní ìkíni òkú."

Mo jáde níbẹ̀, ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Mo wo òrùn, ó wà lójú kan. Mo wo aago, ó ń sáré. Mo fọwọ́ kan àyà mi, ó ń lù kìkì. Nínú àwọn mẹ́ta yìí, èwo ni mo fẹ́ gbà gbọ́? Bóyá ọ̀sán ọjọ́ ọjà ti kọjá, Àyọ̀ká ti gbàgbé mi. Bóyá kò tíì tó rárá. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Èmi Ọdẹ́rìndé tí ẹfọ̀n ń sá fún, mo jókòó sórí gbòǹgbò igi, mo sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sunkún, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni.

Ibi tí mo ti ń sunkún ni mo ti rí àwọn ènìyàn kan tó ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀. Wọ́n ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sódò, wọ́n ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀. Ìyá arúgbó kan nínú wọn fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé mi lẹ́sẹ̀. Ìyá Padàsẹ́yìn ni wọ́n ń pè é.

Ó ní, "Ọkọ mi, kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún?"

Abéèrè kì í ṣìnà. Mo rò ó fún un. Ó gba aago, ó fi egungun ẹja ṣí i lẹ́yìn. Ó ní, "Wá wò ó." Mo wò ó. Irin tín-ín-rín kan wà nínú rẹ̀, ó ká bí ìkarahun ìgbín, ó ń mí wọlé, ó ń mí jáde. Ìyá ní, "Èyí ni èémí rẹ̀. Wo ibi tí ó ti lẹ̀ mọ́ra. Òòfà ti wọ̀ ọ́ lára, kò lè mí dé ìdí mọ́. Ẹni tí kò bá lè mí dé ìdí ńkọ́?"

Mo ní, "Á máa mí kíákíá."

Ó ní, "Ìdí tó fi ń sáré nìyẹn. Inú àpò wo lo ti da ọba pọ̀ mọ́ ẹrú?"

Mo ní, "Ìyá, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n."

Ìyá ní kí n gbé òkúta náà lé orí kùkùté. Ó fi okùn òwú so aago, ó lọ́ okùn náà títí ó fi le, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Jẹ́ kí ó máa pòòyì níwájú òkúta, kí ìwọ sì máa fi ẹ̀yìn rìn lọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Má dúró títí wàá fi kọjá igi ìrókò yẹn."

Ọ̀rọ̀ náà tún rú mi lójú. Mo ní, "Òkúta tó yí i lórí náà ni mo tún fẹ́ gbé e lọ bá?"

Ó ní, "Nílé yín, bí ẹ bá kúrò níwájú ọba, ṣé ẹ ń kọ̀yìn sí i?"

Mo ní, "Rárá o! Ẹ̀yìn la fi ń rìn jáde."

Ó ní, "Ìwọ gbé aago dé iwájú ọba irin, o wá fẹ́ kọ̀yìn sí i. Ṣé yóò jẹ́ kí ẹ lọ?"

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Mo ṣe é. Ṣùgbọ́n ìkánjú mú mi, ọ̀rọ̀ Àyọ̀ká ń jó mi lára. Mo rìn díẹ̀, mo bá fò sẹ́yìn láti tètè dé ìdí ìrókò. Mo gbé aago sétí, ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá Padàsẹ́yìn ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Padà síwájú òkúta." Mo tún okùn lọ́. Aago ń pòòyì, mo ń tẹríba, mo ń sọ pé "Kábíyèsí, Kábíyèsí," mo ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n gbé ẹyin lé lórí. Nígbà tí mo kọjá ìrókò, okùn náà ti tú tán. Mo gbé aago sétí. Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́. Ó ti ń mí dé ìdí.

Inú mi dùn, ó tún bà jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Aago ti gbọ́n, ṣùgbọ́n ìgbà wo ni a wà? Ọwọ́ rẹ̀ ti sáré kọjá ibi tó yẹ, n kò mọ ibi tí mo fẹ́ dá a padà sí. Ìyá ní, "Èmi kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀la ni ọjà Alákòókò, àti pé ẹ̀yìn odi ààfin rẹ̀ nìyí. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló jìn, ẹ̀yìn igbó ló wà."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni mo gbọ́ ọ, láti ẹ̀yìn odi. Kó. Kó. Kó.

Ẹ̀yin ènìyàn mi! Ọba ti sọ ọ́ di agúnyán, ṣùgbọ́n ara Àyọ̀ká kò gbàgbé ọ̀sán. Kíá ni mo fa etí aago, mo yí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dìde ṣánṣán. Mo ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi. Mo gé ọparun gígùn, mo so òkúta mọ́ ìdí rẹ̀, mo ń wọ́ ọ lẹ́yìn. Ọwọ́ kejì ni mo fi gbé aago sókè réré, bẹ́ẹ̀ ni mo fi wọ inú igbó tó yí odi ká.

Ní ọjọ́ kejì mo dé ẹnu ọ̀nà ọba. Mo rò pé n óò tún gbọ́ kó kó kó, kó lè dá mi lójú. Ṣùgbọ́n àwọn ẹbọra ti gbọ́ ọgbọ́n tí mo dá. Wọ́n to odó yí ògiri ká, wọ́n ń gún òfìfo, wọ́n ń fi ọmọ odó kan etí odó lọ́tùn-ún lósì: kó, kó, kó! Òmíràn ń pariwo pé, "Kàn án, ọdẹ, ọ̀sán ti pé!" Òmíràn ń pariwo pé, "Ó ti kọjá, máa sunkún lọ!" Ọwọ́ mi dìde, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Ó dìde, mo sọ ọ́ kalẹ̀. N kò mọ èwo nínú kó kó kó yìí ni ti ìyàwó mi. Aago ní ó kù díẹ̀. Mo ní bí ó bá tún purọ́ fún mi ńkọ́? Mo gbé e sétí, ó ń mí jẹ́jẹ́. Mo fọkàn sí èémí rẹ̀ nìkan, mo di etí sí gbogbo wọn. Nígbà tí ọwọ́ méjèèjì dìde ṣánṣán, mo kan ìlẹ̀kùn.

Ó ṣí.

Mo ju òkúta wọlé; ó fò lọ lẹ̀ mọ́ òrùlé irin. Òrùn mì, ó sì dìde dúró. Àyọ̀ká wà níbẹ̀, iyán ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí.

Ọba ní, "Obìnrin, ta nìyí? Pe orúkọ rẹ̀."

Àyọ̀ká tẹ orí ba. Kò pè é.

Ọba ní, "Ọdẹ, o ti pẹ́. Ó ti gbàgbé rẹ."

Mo ní, "Àyọ̀ká, èmi ni. Sọ ọ́!" Ó tún wo ilẹ̀. Ìlẹ̀kùn ti fẹ́ padé.

Ó wá gbójú sókè, ó ní, "Kábíyèsí, ẹ ṣe mí bó ṣe wù yín. Ṣé èmi ni kí n máa la orúkọ ọkọ mi mọ́lẹ̀ níṣojú ènìyàn? Ilé wo ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀?"

Ọba ní, "Kí lo wá ń pè é?"

Àyọ̀ká gbé ọmọ odó. Kó, kó, kó.

Ojú ọba náà dàrú, irùngbọ̀n rẹ̀ méjèèjì dúró. Àtìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò mọ̀ pé orúkọ mi ló ń pè. Oúnjẹ ni mo rò pé ó jẹ́. Ọba ní, "Máa lọ. Ẹni tó gbàgbé ọkọ kò ní máa tijú orúkọ rẹ̀. Ọdẹ, aago di tìrẹ. Má tún fi í sínú àpò kan náà pẹ̀lú ohun tó bá fẹ́ràn rẹ̀ jù."

Bí a ṣe délé nìyẹn. Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Apá Àyọ̀ká kò ká iyán mọ́ báyìí, èlùbọ́ la ń jẹ. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí iṣu ti wọ inú odó yẹn gbẹ̀yìn. Rájí, o ní aago mi kì í bá ti fóònù rẹ dọ́gba. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òjò ti ń dá, ẹ...

Ẹ dákẹ́ ná.

Ẹ gbọ́ ọ? Kó, kó, kó. Láti ilé ìdáná ni. Odó òfìfo ni.

Aago mi ní ó ku díẹ̀ kí ọ̀sán pé. Ẹ wò ó, mo ti yí i sí ti Àyọ̀ká. Ẹ jẹ́ kí n kọjá, wọ́n ń pè mí.